Ilé lẹ́sìn JAMB òkè pẹtẹ́ẹ̀sì ní Ọ̀yẹ́mẹ́kún, Àkúrẹ́: ohun tí mo rí níbẹ̀

Àbúrò kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló bi mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè pé lẹ́sìn wo ni mo lọ kí n tó wọ yunifásítì UNIMED, mo ní kó jẹ́ n délé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún gùn, kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ìdúró sọ lẹ́nu géètì. Nígbà témi náà ń wá ibi tí màá lọ, kò sẹ́ni tó sọ bí ibì kankan ṣe rí fún mi, pósítà ara òpó iná nìkan ni mò ń kà, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé 280 sókè làwọn máa fún mi. Torí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra JAMB àti ẹ̀yin òbí wọn.

Ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹ́kún ni, òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà ilé. Kò sí sáìnbọ́ọ̀dù ńlá, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn lẹ máa rí, òjò sì ti fọ ìdajì ẹ̀. Àwa tá a ṣe níbẹ̀, "Òkè" la máa ń pè é, "ṣé ò ń bọ̀ l'Ókè lónìí?" Àtẹ̀gùn ẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Mo mọ iye ẹ̀ torí láàárọ̀ tí ọkàn mi bá wúwo, mo máa ń kà á bí mo ṣe ń gùn ún.

Yàrá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, méjì fún kíláàsì, ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tèmi, kọ̀ǹpútà 22 ni wọ́n ní, 19 ló ń ṣiṣẹ́. ₦5,000 ni wọ́n ń gbà lóṣù nígbà yẹn, wọn kì í sì í fipá mú ẹni tí kò bá ní in pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, màmá mi tó ń ta iṣu ní Ọjà Ọba, níwájú ààfin Déjì níbẹ̀ yẹn, ẹgbẹ̀rún kan ẹgbẹ̀rún kan ló san tèmi títí tó fi pé, kò sẹ́ni tó lé mi síta lọ́jọ́ kan.

Kí n tó débẹ̀, mo ti jókòó JAMB lẹ́ẹ̀mẹta. Medicine ni mo fẹ́. Láti kékeré làwọn ará ilé wa ti ń pè mí ní Dókítà, dádì mi tó ń wa bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ sí Oǹdó máa ń sọ fáwọn èrò ẹ̀ pé ọmọ òun á di dókítà, èmi náà sì ti to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pé màá wọlé lọ́mọ ọdún 17, màá jáde lọ́mọ 23, màá ṣègbéyàwó lọ́mọ 26. Ẹ̀yìn Bíbélì mi ni mo kọ ọ́ sí, nínú ojú ìwé òfìfo tó gbẹ̀yìn yẹn, mo fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ẹ̀, mo sì ń gbé e síwájú Ọlọ́run láràárọ̀ pé kó bá mi fọwọ́ sí i. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé kí n bi í bóyá ó ní tiẹ̀ lọ́kàn.

2017, mo gbà 187. 2018, mo gbà 214. Nínú 400 ni o, 214 kì í sì í ṣe máàkì téèyàn ń gbé lọ bá àwọn tó ń gbani sí Medicine. Àwọn tá a jọ ṣe WAEC ti ń fi fọ́tò matric sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp wọn, àwọn àti gáùn, àwọn àti mọ́mì wọn, mò ń wò ó lóru lábẹ́ aṣọ ìbora. Ká sòótọ́, kì í ṣe pé wọ́n wọlé ló ń dùn mí. Ìbéèrè àwọn èèyàn ni. "Ah ah, o ò tíì wọlé ni?" Wọn ò fi bú mi, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti bi èèyàn tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ́sẹ̀ kan, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà.

Lọ́dún kẹta ni mo wá ṣe ohun tójú ṣì ń tì mí láti sọ. Sẹ́ńtà kan wà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, wọ́n gba ₦40,000 lọ́wọ́ mi pé àwọn á bá mi ṣe é, ìdáhùn á ti délẹ̀ kí ìbéèrè tó dé. Màgòmágó pọ́ńbélé. Màmá mi ò mọ̀, mo sọ fún wọn pé owó lẹ́sìn ni, owó àjọ wọn ni wọ́n kó fún mi tí wọ́n sì ń ṣàdúrà lé e lórí. Ọjọ́ ìdánwò pé, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ìdáhùn kankan ò dé, nọ́ńbà tí mo ti ń pè látìdájí ò lọ. 171 ni mo gbà. Ó tún wá kéré sí ti ìgbà àkọ́kọ́, torí mi ò kàwé rárá lọ́dún yẹn, mo ti gbọ́kàn lé irọ́.

Ìgbà yẹn ni ìtàn Ábúráhámù tó yé mi. Ẹni ọdún 75 ni wọ́n nígbà tí wọ́n kúrò ní Háránì pẹ̀lú ìlérí Ọlọ́run lọ́wọ́, wọ́n dúró dúró, ó sú wọn, wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, ẹni ọdún 86 ni wọ́n nígbà tí wọ́n bí Íṣímáẹ́lì. Ísáákì ò dé àfìgbà tí wọ́n pé 100. Ọdún mẹ́rìnlá ló wà láàárín èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn wá àti èyí tí Ọlọ́run sọ, ìjà àti ẹkún ló sì kún inú ẹ̀. ₦40,000 yẹn ni ọ̀nà ẹ̀bùrú tèmi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà mo lọ jẹ́wọ́ fún màmá mi, ti màmá mi ló le jù nínú méjèèjì, torí wọn ò bínú, iṣu ni wọ́n kàn ń tò lọ.

Ìparí 2019 ni mo dé Òkè. Gbogbo èèyàn ló ń pe ẹni tó ni ibẹ̀ ní Bùrọ̀dá, mi ò gbọ́ kẹ́nikẹ́ni pè wọ́n ní "sà" rí. Wọn ò bi mí ní máàkì tí mo fẹ́ gbà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Látọdún wọ̀nyí, ibo ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ?" Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbé mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀, mi ò tíì sanwó kankan o, wọ́n ní kí n ṣe ìdánwò kan látòkè délẹ̀, wọ́n dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́, wọ́n ń kọ nǹkan. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n fi hàn mí. Àṣé mo mọ ìwé tó. Ìbéèrè Fíṣíìsì kan ni mo jókòó tì fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, omíràn ìṣẹ́jú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe fi ìbéèrè tí mo mọ̀ dáadáa sílẹ̀ lọ́wọ́ ìparí láì tiẹ̀ kà á.

Ẹ gbọ́, ìbéèrè 180 ni JAMB, wákàtí méjì ni wọ́n sì fún wa. Use of English 60, sọ́jẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó kù 40, 40, 40. Tẹ́ ẹ bá pín wákàtí méjì sí 180, sẹ́kọ́ǹdì 40 ni ìbéèrè kan. Bùrọ̀dá kọ 40 yẹn gàdàgbà sára ògiri yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ń tẹ ìbéèrè kan mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gúnyán, wọ́n á wá fọwọ́ kàn án léjìká, wọ́n á ní, "Fi í sílẹ̀, máa lọ, wàá padà wá bá a. Àkókò ẹ̀ ni kò tíì tó." Ìdánwò ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí, omi bọ́ lójú mi sórí kíbọ́ọ̀dù, mo ní ọ̀dà ìsàlẹ̀ ló ń ta mí lójú.

Kíbọ́ọ̀dù yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, torí òun ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan máósì. JAMB ti ṣe é kó jẹ́ pé bọ́tìnì mẹ́jọ péré ló máa ṣiṣẹ́ gbogbo ẹ̀: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tó kàn, P láti padà sí èyí tó kọjá, S láti sọmíìtì, R láti padà tèèyàn bá ṣèèṣì tẹ S. Kíbọ́ọ̀dù àlòkù ni wọ́n ní, lẹ́tà ara ẹ̀ ti pa rẹ́ tán, àwọn mẹ́jọ yẹn nìkan ni wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ padà, ọ̀dà tí wọ́n bù lọ́wọ́ ọlọ́ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, ó ga díẹ̀ lójú bọ́tìnì débi pé téèyàn bá di ojú, ìka ẹ̀ á mọ ibi tó wà. Oṣù kan tí mo fi ṣe é, mi ò wo ọwọ́ mi mọ́. Nígbà tí mo wá ń ṣe JAMB mi tó kẹ́yìn, máósì ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kọ̀, kò ṣiṣẹ́, ó nawọ́ sókè ó ń pe àwọn alábòójútó, àkókò ẹ̀ ń lọ. Èmi, mi ò mọ̀ bóyá tèmi ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́.

Àdúrà wà láàárọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún. Kristẹni wà, Mùsùlùmí wà, kálukú á gbà á jẹ́ẹ́. Kò sí òróró, kò sí pé ká kó bírò jọ kí wọ́n bùkún un. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan á ní ìyẹn ti kéré jù, màmá mi náà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ mi ti dàgbà. Fún ọdún mẹ́ta mo ti gbé bírò lọ sí ìsọjí, mo ti gbààwẹ̀, mo ti sọ pé "ọdún yìí ni tèmi" lóríṣiríṣi, inú ọkàn mi sì ń sọ pé bí mo ṣe ṣe gbogbo ẹ̀ yìí, Ọlọ́run ti jẹ mí ní àdímíṣàn. Kò jẹ mí ní nǹkan kan. Ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù nígbà tó lálàá, 30 ló pé kó tó dúró níwájú Fáráò, ọdún méjì gbáko sì lagbọ́tí fi gbàgbé ẹ̀ sínú ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn tó ti bá a túmọ̀ àlá. Ohun tó ń gbà mí lọ́kàn nínú ìtàn yẹn ni pé iṣẹ́ ló ń ṣe níbẹ̀, òun ni wọ́n fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó kù sí níkàáwọ́, kò káwọ́ gbera kó máa ka ọjọ́. Ní Òkè, Bùrọ̀dá ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ JSS3 ní ìṣirò lọ́sàn-án, wọ́n á yọ ₦2,000 kúrò nínú owó tí mò ń san. Mo gbà.

March 2020, mo ṣe JAMB, mo gbà 239, èyí tó ga jù nínú gbogbo èyí tí mo ti ṣe. Kò pẹ́ sígbà náà ni Kòrónà ti gbogbo ìlú pa. Ilé lẹ́sìn tì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi èyí kún un torí kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́ ẹ̀: láràárọ̀ aago mẹ́jọ Bùrọ̀dá máa ń fi ìbéèrè ogún ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, tó bá dìrọ̀lẹ́ wọ́n á fi ìdáhùn ránṣẹ́ pẹ̀lú ohùn wọn, wọ́n á ṣàlàyé ẹ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí àdímíṣàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ojoojúmọ́ ni mò ń wọ CAPS lọ wò, ojúlé JAMB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì téèyàn ti ń wò ó bóyá wọ́n ti gba òun. Orúkọ mi ò jáde. Mo bínú sí Ọlọ́run, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ní, "239 náà rèé, kí lẹ tún fẹ́?"

Inú ọdún yẹn náà ni màmá mi ṣubú nídìí iṣu wọn lọ́jà. Ẹ̀gbọ́n mi wà l'Ékòó, dádì mi wà lójú títì, èmi nìkan ló wà nílé. Ní ilé ìwòsàn àdúgbò, 190/110 ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbé jáde, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wò ó, ó tún un wò, ó pe dókítà. Lẹ́yìn tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, nọ́ọ̀sì yẹn fi bí mo ṣe máa ṣe é nílé hàn mí. Kí màmá kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí n gbé ọwọ́ wọn lé tábìlì kó bá àyà wọn dọ́gba, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Èyí tó le jù fún màmá mi nìyẹn, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Mò ń fi aṣọ ẹ̀rọ yẹn wé apá wọn, apá tó ti ń gbé iṣu láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé, mo ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọnú ẹ̀ fùùù, a jọ ń wo nọ́ńbà bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mi ò rí ìwé míì nítòsí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yìn Bíbélì ni mo kọ ọ́ sí. 176/104. Ọjọ́ kejì, 170/100. Àwọn nọ́ọ̀sì ní téèyàn bá ti ń rí 140/90 sókè, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kó má fi ṣeré. Ó tó oṣù méjì kí n tó kọ 136/84. Nígbà yẹn nọ́ńbà ti bo gbogbo ojú ìwé náà, ó ti kọjá lórí 17, 23, 26 tí mo fi bírò pupa kọ.

Mi ò sọ pé Ọlọ́run ló fi àìsàn ṣe màmá mi kí n lè rí ọ̀nà mi o. Ẹ má bá mi sọ bẹ́ẹ̀, mi ò gbà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ká ní mo ti wọlé lọ́dún tí mo fẹ́, mi ò bá ti wà nílé lọ́jọ́ yẹn, àti pé inú oṣù méjì yẹn ni mo rí i pé iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì yẹn ń ṣe, ìjókòó ti èèyàn, ìwòye, ìkọsílẹ̀, òun ni ọwọ́ mi fẹ́. Nígbà tí mo padà sí Òkè tí mo ní mo fẹ́ yí kọ́ọ̀sì sí Nursing, Bùrọ̀dá ò yìn mí. Wọ́n ní, "Lọ rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá jẹ́ pé torí Medicine kọ̀ ẹ́ ni, má ṣe é." Mo rò ó. Mo padà wá.

2021 ni JAMB fi NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ṣe dandan, a jọ tò lórí ìlà ni, Bùrọ̀dá ti sọ fún wa láti November kí ìlà tó gùn, ìyẹn náà jẹ́ nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa wọn, wọ́n máa ń tètè gbọ́. 261 ni mo gbà. Àwọn kan wá ní ó yá, máàkì ti dé, kí n padà sí Medicine. Mi ò padà. UNIMED tó wà l'Oǹdó ni mo mú, yunifásítì ìpínlẹ̀ wa tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015 fún ìmọ̀ ìṣègùn, orúkọ mi sì jáde. Bọ́ọ̀sì dádì mi ló gbé mi lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń ná láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ màmá mi, lọ́jọ́ yẹn wọn ò gbé èrò kankan, èmi àti báàgì mi nìkan ló wà nínú ẹ̀, wọn ò sì sọ̀rọ̀ títí a fi dé géètì.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ibi tí Òkè kù sí, kí ẹ má bàa lọ kẹ́ ẹ ní mo tàn yín. Ooru ibẹ̀ pọ̀, fáànù méjì ló wà ní yàrá kọ̀ǹpútà, iná ò sì dúró sójú kan, a máa ń dá ₦100 ₦100 fún epo jẹnẹrétọ̀. Tójò bá ń rọ̀, páànù á máa pariwo, ẹ ò ní gbọ́ tíṣà, kẹ́ ẹ tètè jókòó síwájú. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, tọkùnrin tobìnrin. Tíṣà Kẹ́mísìrì máa ń pẹ́, ó mọ̀ ọ́n kọ́ gan-an ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́, mo sì bá Bùrọ̀dá sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá ń ṣe Art, wọn ò ní tíṣà Literature nígbà tèmi, ẹ wá ibòmíràn. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn, àtẹ̀gùn yẹn ga. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ sì ń wá ibi tí wọ́n á ti "bá ọmọ yín ṣe é", ẹ má gun àtẹ̀gùn yẹn rárá, Bùrọ̀dá á ní kẹ́ ẹ máa lọ, wọ́n ṣe é fún ìyá kan lójú mi, ìyá yẹn bú wọn títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ọmọ yín ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, tójú ń tì í láti jáde, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú un lọ. Wọn ò ní fi ọdún tó ti lò bú u. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn nínú ìsinmi, mo bá ọmọbìnrin kan nídìí kọ̀ǹpútà tí mo máa ń lò, ẹ̀ẹ̀kẹrin ẹ̀ ni, ó ń tẹ N, ó ń tẹ N, ó ń fi àwọn tó le sílẹ̀, kò wo ọwọ́ ẹ̀ rárá. Mi ò dí i lọ́wọ́. Ogún nínú ogún ni mo fún wọn lórí ìkọ́ni, mẹ́wàá lórí ilé.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, Mọ́ńdè sí Sátidé. Ẹ wọ aṣọ tó fúyẹ́, ẹ mú omi lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ti gùn ún tán, apá ọ̀tún ni yàrá kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà 13, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà, atẹ́gùn máa ń dé ibẹ̀ tó bá di ọwọ́ ọ̀sán.